Àjẹìwẹ̀yìn: Ṣé Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Nìkan Ni?

Àbúrò wa kan ní Ọ̀mù-Àrán béèrè ìtumọ̀ òwe tó ní “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí a pa á fún olóṣèlú tàbí oníṣòwò ńlá, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ ni ó ń mẹ́nu bà. Ó tọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Àjẹìwẹ̀yìn ni kí ènìyàn máa jẹun láìbojú wo ẹ̀yìn. Nílé wa ní Ìlọrin, bàbá àgbà kì í jẹ àmàlà rẹ̀ tán. Bó bá ku òkèlè méjì sí mẹ́ta, yóò fi ẹran kan lé e, yóò sì tì í síwájú ọmọ tó gbé omi ìṣanwọ́ dání. Ọmọ yẹn ni yóò jẹ ẹ́, òun náà ni yóò sì kó abọ́ lọ fọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe yìí kò bá àgbà wí nítorí pé ó jẹun púpọ̀, nítorí àgbà lè jẹ àjẹyó kó sì ṣẹ́kù, ẹlòmíràn sì lè jẹ díẹ̀ kó lá àwo mọ́. Ojú tí kò wẹ̀yìn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyà rẹ̀ kì í sì í ṣe èpè: àwọn ọmọ yóò kàn máa wò ó ni, ẹrù yóò sì di tirẹ̀ nìkan.

Ní 1987, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland, olórí ìjọba Norway nígbà náà, ṣáájú fún, sọ pé ìdàgbàsókè tó lè tọ́jọ́ ni èyí tó ń bọ́ àìní àwọn tó wà láyé lónìí láìgba ti àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwo bàbá àgbà ni mo máa ń rí bí mo bá ka gbólóhùn yẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Ray Anderson, ará Amẹ́ríkà tó dá Interface sílẹ̀ ní 1973, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì abala-abala tí wọ́n ń tẹ́ sí ọ́fíìsì. Epo rọ̀bì ni orísun ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1994, àwọn oníbàárà ń béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe nípa àyíká, Anderson kò sì rí èsì fọ̀. Ó ka ìwé kan, ó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń kó ilé ayé lẹ́rù. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 2011 ló fi ń lépa pé kí ìpalára iṣẹ́ wọn pòórá kó tó di 2020. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà tó bojú wẹ̀yìn, àwo kò sì tíì tán.

Nínú òṣèlú, Wangari Maathai ti Kenya ti ń kó àwọn obìnrin abúlé jọ láti máa gbin igi láti 1977, kó tó wọ ilé aṣòfin ní 2002, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti lù ú, wọ́n ti tì í mọ́lé nítorí iṣẹ́ yìí.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa ní Kwara. Igi emi tí àwọn ìyá wa ń ṣa èso rẹ̀ ṣe òrí lè gbà tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni a fi ń gé e sun èédú. Olórí tó bá fọwọ́ sí irú bẹ́ẹ̀ nítorí owó ẹ̀ẹ̀rùn kan, òun ni òwe náà ń bá wí, bó ti wù kó lawọ́ tó.

Àbúrò mi, o lè pa á fún wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iwájú àgbà ni, kí o fi kún un pé, “Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni í.” Wọn yóò dá ọ lóhùn pé wàá rí òmíràn pa.