Wọ́n bá a nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ìyẹn ò sọ pé òun ló gbé e síbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní àwọn ọlọ́pàá wá gbé kọ̀ǹpútà àbúrò yín lọ, wọ́n ní inú ẹ̀ ni ímeèlì tí wọ́n fi lu àwọn kan ní jìbìtì ti jáde, àbúrò yín ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ilé sì ti pín sí méjì, àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé fáírọ́ọ̀sì lè ṣe irú ẹ̀ lóòótọ́ àbí àwáwí lásán ni, àti pé kí lẹ lè ṣe. Mo fẹ́ dá yín lóhùn torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ó lè ṣe é dáadáa. Kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì ló ń ba fáìlì jẹ́, irú kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó fa kọ̀ǹpútà èèyàn lé ẹlòmíì lọ́wọ́, RAT ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn ń pè é. Èèyàn á ṣí fáìlì kan tí wọ́n so mọ́ ímeèlì, bóyá ìwé owó tí wọ́n ní kó san, fáìlì yẹn á ṣí, á rí ohun tó ń retí, á tì í, á sì gbàgbé ẹ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan kejì ti bá a wọlé. Nǹkan kejì yẹn á fi ara ẹ̀ síbi tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà lòun náà ń jí, á máa kàn sí ọ̀gá ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa gba iṣẹ́ jẹ́. Gbogbo ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ló ń rí, títí kan pásíwọ́ọ̀dù. Ó lè kó fáìlì jáde, ó lè gbé fáìlì wọlé, ó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì wá wo kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn náà, orúkọ onítọ̀hún ló máa rí lórí gbogbo ẹ̀.

Tèmi, ibi iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Ríkọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó rí i, wọ́n tọpa ẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, wọ́n ní mo tà á ni. Ẹni tí wọ́n mú wá láti yẹ̀ ẹ́ wò kọ ìwé tí kò ju ojú ewé mélòó kan lọ: orúkọ mi ló wọlé, kọ̀ǹpútà mi ló fi fáìlì ránṣẹ́, aago 16:20 ni, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó tán. Kò síbi tó ti kọ ọ́ pé òun tiẹ̀ wò bóyá nǹkan àjèjì kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ìwé yẹn ni wọ́n gbé fún ọlọ́pàá, ibẹ̀ làwọn náà ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ò ju "ta lo tà á fún" àti "èló ni wọ́n fún ẹ" lọ, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé "ṣé ìwọ lo ṣe é".

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aago 16:20 yẹn. Ẹni tí lọ́yà mi bá mi wá gba ẹ̀dà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ó jókòó tì í, ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé aago UTC ni wọ́n fi kọ ríkọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kà sí mi létí, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kárí ayé fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí àkókò má baà dàrú mọ́ wọn lójú. Aago tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú ẹ̀. Nígbà tí ríkọ́ọ̀dù sọ pé 16:20, 17:20 ló ń lù lọ́dọ̀ wa, káàdì tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ náà sì ní ríkọ́ọ̀dù tiẹ̀, ó fi hàn pé mo ti jáde nígbà yẹn. Kọ̀ǹpútà ò kú torí òfin wọn ni pé ká má máa pa á, kí wọ́n lè máa fi òru ṣe àtúnṣe sí i. Ibẹ̀ ló ti wá wá inú ẹ̀ dáadáa, ó rí nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ tó fi orúkọ tó jọ ti sọ́fítíwíà ìtẹ̀wé bojú, ó rí ọjọ́ tó wọlé, ó rí ímeèlì tó gbé e wọlé, ó sì rí i pé àdírẹ́sì tí nǹkan yẹn ń kàn sí gan-an ni fáìlì àwọn oníbàárà lọ. Gbogbo ẹ̀ ló ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò wá a ni.

Mi ò rò pé ẹni yẹn kórìíra mi o. Ó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó kàn ń wá ohun tó bá a mu. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa wí, kọ̀ǹpútà náà ò sì ju ẹlẹ́rìí kan lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí tó kù.

Àwọn ará ilé tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í parọ́ yẹn, ẹ bá mi sọ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Britain fún wọn. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó ju 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi olè tàbí àyédèrú ìṣirò níbẹ̀, torí sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon ní owó ò pé lọ́wọ́ wọn. Sọ́fítíwíà yẹn ló ní àléébù. Ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá, síbẹ̀ àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan kú kí orúkọ wọn tó mọ́, ọdún 2024 nilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tó pa ọ̀pọ̀ ìdájọ́ yẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì gan-an, olùkọ́ àdélé kan wà ní ìlú Norwich ní Connecticut, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, Julie Amero lorúkọ ẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2004, àwòrán ìhòòhò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí kọ̀ǹpútà kíláàsì lójú àwọn ọmọ, bó ṣe ń ti ọ̀kan lòmíì ń ṣí. Windows 98, tó ti di àtijọ́ nígbà yẹn, ló wà lórí ẹ̀rọ náà, nǹkan tó yẹ kó máa dí irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ sì ti kọjá àkókò láìjẹ́ pé ilé ìwé sanwó tuntun lé e lórí. Ọlọ́pàá tó yẹ̀ ẹ́ wò ò wá fáírọ́ọ̀sì kankan. Wọ́n dá obìnrin yìí lẹ́bi ní oṣù kìíní ọdún 2007, ẹ̀wọ̀n tó lè tó 40 ọdún sì wà níwájú ẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló fara wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti tún un yẹ̀ wò, adájọ́ wá fagi lé ìdájọ́ náà ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Àmọ́ wọn ò tú u sílẹ̀ pátápátá o, oṣù kọkànlá ọdún 2008 ló gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kékeré kan kí ọ̀rọ̀ náà lè parí, ó san 100 dọ́là, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé ó já sí ayọ̀, mi ò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀.

Michael Fiola náà, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Massachusetts, ọdún 2007 ni wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé àwòrán ìṣekúṣe ọmọdé wà lórí laptop tí ibi iṣẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ń já sí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ tó 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ èèyàn wo ló lè ṣèyẹn? Wọ́n gbé ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn ẹ̀ lọ́dún 2008, òun àtìyàwó ẹ̀ sì ti ná 250,000 dọ́là.

Èyí tó ba èmi lẹ́rù jù ni ti Íńdíà, torí ti ibẹ̀ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì tó ṣèèṣì wọlé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wá èèyàn ni. Rona Wilson, ọ̀kan lára àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n mú nínú ẹjọ́ Bhima Koregaon, ìyẹn abúlé kan tí rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ní lẹ́tà ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba wà nínú laptop ẹ̀. Iléeṣẹ́ Arsenal Consulting ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀dà ẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní oṣù kejì ọdún 2021: oṣù kẹfà ọdún 2016 ló ṣí fáìlì kan tó wá láti ímeèlì ẹni tó mọ̀, NetWire, ọ̀kan lára àwọn RAT tí wọ́n ń tà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, ló bá a wọlé, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ yẹn fún oṣù tó lé ní 22. Fódà kan tí wọ́n fi pa mọ́ ni wọ́n ń kó lẹ́tà yẹn sí, èyí tó kẹ́yìn wọlé ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí ọlọ́pàá tó wá tú ilé ẹ̀. Wọn ò rí àmì pé ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà yẹn rí lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ wá gbọ́ èyí: irú Word, sọ́fítíwíà ìkọ̀wé, tí wọ́n fi ṣe lára àwọn lẹ́tà yẹn, 2010 tàbí 2013 ni, 2007 ló wà lórí laptop ẹ̀! Àwọn tó ń ṣe ẹjọ́ náà fún ìjọba ò gba àbájáde yìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wà látìmọ́lé láti oṣù kẹfà ọdún 2018 títí di oṣù kìíní ọdún 2025 tí kóòtù fún un ní béélì torí ó ti pẹ́ jù níbẹ̀ láìsí ìgbẹ́jọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, Stan Swamy, wà nínú ẹjọ́ kan náà, ẹni ọdún 84, àìsàn Parkinson ń dà á láàmú, àtìmọ́lé ló wà títí tó fi kú ní oṣù keje ọdún 2021. Oṣù kejìlá ọdún 2022 ni Arsenal tó gbé tiẹ̀ jáde pé wọ́n gbé fáìlì sínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ náà.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Mo gbà. Àmọ́ ogún ọdún yẹn ńkọ́, ta ló máa dá a padà? Tèmi, lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí lọ́yà mi pé àwọn ò bá ẹjọ́ lọ mọ́, kò sí ẹ pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ yẹn ò sì padà.

Mi ò wá sọ fún yín pé kẹ́nikẹ́ni gba àbúrò yín gbọ́ torí pé ó dárúkọ fáírọ́ọ̀sì o. Ọdún 2003 ní London, wọ́n gbé Aaron Caffrey lọ sí kóòtù pé òun ló da kọ̀ǹpútà èbúté ìlú Houston rú lọ́dún 2001, ó ní ẹlòmíì ló wọ inú ẹ̀rọ òun ṣe é, wọn ò rí àmì fáírọ́ọ̀sì yẹn níbẹ̀, ó ní fáírọ́ọ̀sì náà lè pa ara ẹ̀ rẹ́, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì dá a sílẹ̀. Látìgbà yẹn làwọn aṣèwádìí kan ti ń wo gbogbo ẹni tó bá dárúkọ fáírọ́ọ̀sì bí òpùrọ́. Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, tó bá jẹ́ òun ló ṣe é, àyẹ̀wò kan náà ló máa fi hàn.

Ní báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Àbúrò yín ò gbọdọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan mọ́ láìsí lọ́yà, pàápàá kó má sọ pé "bóyá ọ̀rẹ́ mi kan ló lò ó", torí ohun tó bá fi àbá sọ lónìí ni wọ́n máa kà bí irọ́ lọ́la. Tí ẹ̀rọ míì bá ṣẹ́ kù nílé, fóònù, router tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, kọ̀ǹpútà kejì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi antivirus fọ̀ ọ́ tàbí kó dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á, ẹ̀rí yín lẹ máa fọ̀ dànù yẹn, mo ti rí ẹni tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é torí pé wọ́n ní kó "tọ́jú" kọ̀ǹpútà ẹ̀. Kí lọ́yà mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá láti gba àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wọ àkáǹtì ímeèlì ẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, àwọn iléeṣẹ́ ímeèlì kì í tọ́jú ìyẹn títí láé.

Kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè ẹ̀dà odindi hard disk yẹn, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo fáìlì pa mọ́ sí, kì í ṣe ìwé àyẹ̀wò nìkan, kó sì béèrè nọ́ńbà hash tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà náà. Nọ́ńbà gígùn kan ni, inú gbogbo ohun tó wà lórí disk ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀, tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà níbẹ̀, nọ́ńbà yẹn ò ní jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni tan kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ, torí títan án lásán ń yí àìmọye fáìlì padà. Kó béèrè aago ibo ni wọ́n fi kọ ìwé wọn, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wo ni ímeèlì jìbìtì yẹn ti jáde, ṣé wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì, irinṣẹ́ wo ni wọ́n fi wá a, ọjọ́ wo.

Tí wọ́n bá fún yín ní ìwé àyẹ̀wò yẹn, ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò, kí lọ́yà yín gbà pé ẹ lè fi hàn mí, màá bá yín kà á. Ojú ewé tí wọ́n kọ irinṣẹ́ tí wọ́n lò sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.