Kẹ́ríà fún kayak méjì

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa gbé kayak méjì (ọkọ̀ ojú omi kékeré tí à ń fi àjẹ̀ wà) sórí Corolla lọ sí Odò Ògùn. Jórinjórin kan ní Láfẹ́nwá ní òun á bá wa jó kẹ́ríà onírin. Ṣé kí a gbà? – Olùkà kan, Ìbarà

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ wo ìwé mọ́tò yín, kí ẹ mọ iye kílò tí òrùlé rẹ̀ lè rù. Kẹ́ríà fúnra rẹ̀ wà nínú ìwọ̀n yẹn! Bí kayak kan bá jẹ́ kílò 25, méjì ti di 50, ká tó wá fi irin wúwo kún un. Ọ̀pá alumíníọ̀mù méjì ni kí ẹ rà, kí wọ́n jìnnà síra dáadáa.

Okùn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà kan, àárín nìkan ni mo so, mi ò so imú kayak mọ́ iwájú mọ́tò. Kí n tó dé dáàmù Ọ̀yán, atẹ́gùn ti gbé imú náà sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Ní báyìí, n kì í rìn jìnnà kí n tó dúró fa okùn wò. Ẹ má fún un le jù ṣá: bí oòrùn bá mú, ike kayak á tẹ̀ wọnú.

Nọ́ọ̀tì kẹ́ríà ńkọ́? Ẹ máa fi gíríìsì pa á, pàápàá lásìkò òjò.