Èrè wà nínú ìwé, owó ò sí lọ́wọ́

Àbúrò, o ní ilé-iṣẹ́ inú ìbéèrè tí olùkọ́ yín fún yín jèrè 400, síbẹ̀ owó ọwọ́ rẹ̀ fi 200 dín, o wá ní ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì, ìwé èrè àti ìwé owó ọwọ́, ń parọ́. Kò séyìí tó parọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn oníṣòwò tọ́jú ìwé owó, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì máa ń tojú sú àwọn ọ̀gá jù.

Ẹni inú ìbéèrè yẹn fi 700 bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó kó ọjà 600, ó sanwó lójú ẹsẹ̀. Ó ta gbogbo ẹ̀ ní 1,000: wọ́n san 400, wọ́n gba 600 láwìn. Nínú ìwé èrè àti àdánù, ọjọ́ tí ọjà bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà ni títà ti parí. Ọjọ́ tí owó ń bọ̀ kò kàn án. Yọ 600 nínú 1,000, èrè di 400. Owó ọwọ́ ńkọ́? 700 ló wà, 600 jáde, 400 wọlé, ó ku 500.

Níbo wá ni èrè wà? Ọrùn àwọn tó gbàwìn ló wà. Kọ ohun tí ẹni yìí ní sílẹ̀: owó ọwọ́ 500, àwìn tó wà níta 600, àpapọ̀ 1,100. Kọ ibi tó ti wá sí òdìkejì: owó tó fi bẹ̀rẹ̀ 700, èrè 400. 1,100 náà ni. Irú ìkọ̀wé alápá méjì yìí ni Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice lọ́dún 1494, àwọn oníṣòwò Ítálì sì ti ń lò ó kó tó kọ ọ́. Bí apá méjèèjì ò bá dọ́gba, má tíì lọ sùn.

Mo rí ibi tó ti dá wàhálà sílẹ̀. Níbì kan tí mo ti tọ́jú ìwé, ọjà ń tà wàràwàrà, torí pé àwìn ni wọ́n fi ń fa oníbàárà. Ọ̀gá rí èrè gọbọi nínú ìwé, ó ní ká pín in. Mo tẹ́ ìwé àwọn tó jẹ wá lówó síwájú ẹ̀: àwọn tí gbèsè wọn ò tíì pé 30 ọjọ́ lápá kan, àwọn tó ti kọjá 30, àwọn tó ti kọjá 60, àwọn tó ti kọjá 90. Apá tó pẹ́ jù ni owó pọ̀ sí jù. Ó ní wọ́n á san. Wọ́n pín èrè. Nígbà tí oṣù parí, owó oṣù ò jáde, tèmi náà wà níbẹ̀. Ní báyìí, kí n tó wo iye èrè ẹnikẹ́ni, ìwé àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ni mò ń kọ́kọ́ béèrè. Gbèsè tó ti hàn gbangba pé kò ní wọlé mọ́, inú èrè ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bó ti wù kó dun ọ̀gá tó.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà. Ra ẹ̀rọ ní 1,200, kó jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ni wàá fi lò ó, tí kò sì ní níye lórí mọ́ lẹ́yìn ẹ̀: ọdọọdún ni 300 á máa kúrò nínú èrè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni owó ti jáde. Owó tí o yá wọlé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èrè. Nígbà tí o bá sì ń san án padà, èlé nìkan ló ń dín èrè kù, ojú owó tí o yá gan-an ò sí níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti fi eléyìí dẹ pańpẹ́ nínú ìdánwò.

Fún iṣẹ́ tìẹ, bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè 400, yọ àwìn 600 tó wà níta, 200 tó dín á jáde. Bí ọjà bá ṣẹ́kù nílẹ̀, yọ iye tí wọ́n rà á náà. Bó bá jẹ́ pé àwìn ni òun fúnra ẹ̀ fi kó ọjà, ńṣe ni wàá fi ìyẹn kún un.