Má tíì san owó họ́ọ̀lù yẹn tán

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó lè dáhùn. O ní fíìmù rẹ ti parí, o fẹ́ fi lọ́lẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí lásìkò ọdún, kí ẹgbẹ́ onílù ṣeré lójúkojú lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá wò ó tán. Ẹni tó ni họ́ọ̀lù wá ní kí o san gbogbo owó báyìí, òun á bá ọ yọ díẹ̀ kúrò. O ní bí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún dé bíi ti Kòrónà 2020, ṣé owó rẹ á padà, àbí kí o kúkú gbé fíìmù náà sórí YouTube.

Má san án tán. Ìyókù ni ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, 13 oṣù kẹrin 2020, ni mo dá fún tèmi. Ó yẹ kí ara ti fu mí láti ìparí oṣù kejì, nígbà tí wọ́n kéde pé ará Ítálì kan tó wá sí Ewékorò ni wọ́n kọ́kọ́ bá àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ewékorò tó jẹ́ pé ọ̀nà Èkó wa nìyẹn! Ṣùgbọ́n mo ti yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ti fún họ́ọ̀lù ní 300,000 náírà nínú 400,000, mo ti fún ẹgbẹ́ onílù ní ìdajì owó wọn, àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú sì ti ń rẹ aṣọ tí àwa òṣèré fẹ́ wọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti àrùn?

Lẹ́yìn ààbọ̀ oṣù kẹta ni wọ́n ní kí àpèjọ má ju èèyàn 50 lọ. Àga 400 ni mo gbà. Mo pe onígbọ̀ngàn, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Àwọn onímọ̀ lórí rédíò náà ń pè é ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ààrẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, 29 oṣù kẹta, ó ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wọlé fún ọjọ́ 14. Gómìnà wa tọrọ àyè díẹ̀, tiwa wá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 3 oṣù kẹrin. Mo ń fi ìka ṣírò ọjọ́ kiri ilé bí aboyún. Lálẹ́ 13 oṣù kẹrin gan-an, lálẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa ná owó fún mi lórí ìtàgé, iná ò sí, mo ń fi rédíò kékeré gbọ́ ààrẹ tó ń fi ọjọ́ 14 míràn kún un. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn dìde lọ ká aṣọ tó ti lọ̀ sílẹ̀ padà sínú báàgì.

Nígbà tí wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, mo wá onígbọ̀ngàn lọ. Ó fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n kó lè ráyè bá mi jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo ti họ́ọ̀lù, ìjọba ló tì í." Mo ní èmi náà kọ́ ni mo bí Kòrónà. Ló bá gba rìsíìtì ọwọ́ mi, ó yí i dà, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan lẹ́yìn rẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹyin iná orí lọ: owó tí a bá ti gbà, kò sí dídá padà. Mo ti ní rìsíìtì yẹn nílé láti oṣù kìíní. Mi ò yí i wò rí.

Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo lọ. Nígbà tó di ìgbà karùn-ún, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ mí débi pé ó máa ń gbé àga fún mi kí n tó kí i tán. Ìgbà keje, wọ́n ní kí n mú déètì tuntun. Mo mú un. Wọ́n ní owó họ́ọ̀lù ti gun òkè, kí n fi 150,000 kún èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́yà kan ní Kútọ̀ gba 20,000 lọ́wọ́ mi kó tó sọ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, pé láti 24 oṣù kẹta ni adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa ti ní kí àwọn ilé ẹjọ́ dá ìjókòó dúró, àfi ẹjọ́ kànńjúkànńjú. Tèmi kì í ṣe kànńjúkànńjú. Títí di òní, kọ́bọ̀ kan ò padà nínú 300,000 yẹn.

Ti àwọn ìjọba ńkọ́? Ibi mẹ́ta ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù ìrànwọ́. Ní ọ̀kan, akọ̀wé bi mí pé kí ni mò ń tà. Mo ní fíìmù àti eré orí ìtàgé. Ó wo ìwé iwájú rẹ̀ títí, kò rí àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú wa, ó wá kọ "Òmíràn". Kóńgò ìrẹsì kan àti páálí indomie kan ló ti ibẹ̀ jáde, aládùúgbò mi tí kò ṣeré rí láyé ló sì gbà á.

800 ni pósítà tí mo tẹ̀, déètì sì wà lórí gbogbo rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà. Mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí déètì kejì náà yẹ̀, ó sú mi. Ọmọ mi kó wọn lọ fún alákàrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ṣàpọ́n, mo ra àkàrà 200 náírà, mo tú u, ojú òṣèrébìnrin mi ló ń wò mí, epo ti mu ún dé etí. Nítorí náà, tẹ pósítà rẹ láìsí déètì, kí o fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ láti fi bírò kọ ọ́. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá rín ọ, jẹ́ kí wọ́n rín ọ.

Ti àwọn onílù ló tún dùn mí jù. Fíìmù lè dúró. Ó wà nínú ẹ̀rọ, kò jẹun. Àwọn èèyàn tó ń ṣeré lójúkojú kò ní ọjà kankan lórí àtẹ tí wọ́n lè tà lọ́la. Òde Sátidé ni oúnjẹ ọ̀sẹ̀. Onígángan mi, àgbàlagbà tó ti ń lù láti kékeré, gbé ìlù rẹ̀ kọ́ sára ògiri lóṣù kẹta. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, eku ti jẹ ọsán rẹ̀ lápá kan. Mi ò lójú láti bi í léèrè àsansílẹ̀ tí mo fún un, má ṣe béèrè lọ́wọ́ tìrẹ náà. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn ni mo ń san sílẹ̀, a sì ti jọ sọ ọ́ pé tiwọn nìyẹn bó ti wù kó rí. Ìyókù di àárọ̀ ọjọ́ eré.

Ó dáa, ìwé àdéhùn. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìjọba bá ti ibẹ̀ pa, tàbí tí wọ́n bá dín iye èrò kù, ìwọ ló máa yàn bóyá o fẹ́ owó rẹ tàbí déètì míràn, ní iye àtijọ́, láàárín oṣù 12. Má jẹ́ kí wọ́n kọ "nítorí àrùn" nìkan o. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ìwọ́de ló mú òfin kónílé-ó-gbélé míràn wá sí Èkó. Má sì fojú kéré ọ̀rọ̀ dídín èrò kù yẹn. Oṣù kìíní 2021, ìlànà tí ààrẹ fọwọ́ sí ní kí gbọ̀ngàn má gbà ju ìdajì èrò lọ. Àga 200 lò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kò sì mọ̀ pé ìdajì ni ẹ jẹ́.

Mo fẹ́ gbàgbé: ọ̀dọ̀ ẹdítọ̀ ní Èkó ni ojúlówó fíìmù mi wà nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà ní 1 oṣù keje. Ẹ̀dà kan ti jò síta kí n tó débẹ̀. Nítorí náà, fi tìrẹ sínú hard drive méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ, ọ̀kan nílùú míràn.

O béèrè YouTube. Ìyẹn ò le: ṣí ìkànnì, gbé e sókè, kí o fi àwòrán tó dáa síwájú. Ṣùgbọ́n má gbé e síbẹ̀ kí sínimá tó mú un, wọn ò ní gbà á mọ́. Àwọn òyìnbó gan-an jà sí i. Lọ́sẹ̀ tó yẹ kí tèmi jáde yẹn, iléeṣẹ́ Universal gbé fíìmù Trolls World Tour sílẹ̀ kí èèyàn máa yá a wò nílé, inú bí AMC tó ni sínimá, wọ́n ní àwọn ò ní gba fíìmù wọn mọ́. Oṣù keje ni wọ́n tó parí ìjà, sínimá á kọ́kọ́ mú fíìmù fún ọjọ́ 17 ó kéré tán kí wọ́n tó lè gbé e wá sílé. Fíìmù James Bond ní tirẹ̀ yẹ̀ láti oṣù kẹrin 2020 títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án 2021. Wọ́n lówó tí wọ́n fi ń dúró. Èlé alájẹṣẹ́kù kì í dúró.

Má sì rò pé bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, ààyè á wà fún ọ. Gbogbo ẹni tó ti dúró ló máa ya wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ Kérésìmesì 2020 ni fíìmù Funke Akindele wọ sínimá, ó sì pa owó tó lé ní 600 mílíọ̀nù náírà nínú ìbẹ̀rù àrùn náà. Ìwọ àti èmi kọ́ ni wọ́n máa yọ ọ́ kúrò fún. Mú déètì tó jìnnà sí ọdún. Oṣù kejì dáa.

Bí onígbọ̀ngàn rẹ bá kọ̀ láti kọ ìlà yẹn, sọ fún mi. Mo mọ ẹnìkan lápá Ìbarà tó gbà á fún mi lọ́dún tó kọjá, àga rẹ̀ ò ju 250 lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń mú bírò dání, á sì fọwọ́ sí i lójú rẹ.