Àbúrò mi, fi ẹ̀rín yẹn sílẹ̀ ná

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, àìsàn sì tún dá ìyá mi gúnlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n máa ronú rere. Mo ń gbìyànjú: mo ń rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín nílé. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́ta òru, ojú mi á là, àyà mi á máa já. Àbí ìgbàgbọ́ mi ni kò tó? Èmi ni, Ẹlẹ́rìn-ín.*

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó bọ́, ìyá tó ń ṣàìsàn, ilé tó gbójú lé ọ: èyíkéyìí nínú wọn tó ẹrù odindi èèyàn. Ìgbàgbọ́ rẹ kọ́ ló kéré. Ẹrù ló pọ̀.

Lọ́dún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún àwọn èèyàn kan pé kí wọ́n má ṣe ro béárì funfun rárá, kí wọ́n sì máa lu agogo tó bá ṣèèṣì wá sí wọn lọ́kàn. Agogo ń dún ṣáá. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè láti rò ó, ó ń wá sí wọn lọ́kàn ju bó ṣe ń wá sọ́kàn àwọn tí wọ́n ti gbà láyè láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tí ìwọ náà ń ṣe lójú mọmọ nìyẹn. O ń lé ìbẹ̀rù gba iwájú ilé jáde, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lóru.

Aago mẹ́ta yẹn náà nídìí. Ní apá ìparí òru ni họ́mónù kan tó ń jẹ́ cortisol máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lára gbogbo wa, kí ara lè múra àtijí. Ẹni tó gbé àníyàn sùn, ojú rẹ̀ lè là nígbà náà, kò sì sí ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Nítorí náà, má ṣe dá ẹjọ́ kankan nípa ayé rẹ ní aago mẹ́ta òru. Tí oorun bá kọ̀ tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, jókòó síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, ka ohun tí kò le. Má wo fóònù, má wo aago. Ìgbà tí oorun bá tún ń kùn ọ́ ni kí o padà.

Lẹ́yìn náà, fún àníyàn ní àyè tirẹ̀ lọ́sàn-án. Mú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bóyá láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, jókòó ti ìwé, kí o sì kọ gbogbo ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, láìyọ ìkankan sílẹ̀. Tí àníyàn bá yọjú ní àkókò mìíràn, sọ fún un pé ó di aago márùn-ún. Láti ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò ní kí o díbọ́n. Wàá rí i lórí ìwé pé àwọn kan wà tí ọwọ́ rẹ tó, bí ìbéèrè tí o fẹ́ bi dókítà ìyá rẹ. Àwọn yòókù, sunkún lé wọn lórí tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ ni ohun tí kò sí níbẹ̀. O kò sọ bóyá ọkọ rẹ mọ̀ pé o kì í sùn. Ó ṣeé ṣe kí òun náà máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Kí ẹni méjì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan, kí ojú àwọn méjèèjì là, kí kálukú sì máa ṣe bí ẹni tó ń sùn kí ẹnì kejì má baà dààmú! Mo bẹ̀ ọ́, bá a sọ ọ́. Kò nílò àlàyé gígùn. Sọ pé: “Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí oorun sùn. Mi ò wá ojútùú lálẹ́ yìí, kí a kàn jọ mọ̀ ọ́n ni.” Ìfẹ́ ló ń mú àwọn tó ní kí o ronú rere sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú yàrá yẹn.

Máa rìn díẹ̀ ní ọ̀sán, ó ń ran oorun lọ́wọ́. Jẹ́ kí dókítà gbọ́ nípa àyà tó ń já yẹn. Tí ìbànújẹ́ bá sì gba ọjọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ kò dùn mọ́ ọ mọ́, tètè lọ rí i. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ń lò fún àìsàn ìsoríkọ́, ó sì ní ìtọ́jú. Tó bá jẹ́ èrò àtikú ló wá, má dúró de ọ̀la. Sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kí ó sì bá ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀, kọ̀wé sí mi. Má fọwọ́ sí i pé Ẹlẹ́rìn-ín mọ́. Bó ṣe ń ṣe ọ́ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.