Èsì: Kí ló dé tí ará oko kì í dìbò fún ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká?

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè ìdí tí àwọn ará oko ní Jámánì kì í fi í dìbò púpọ̀ fún Die Grünen, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún àyíká, àti bóyá irú rẹ̀ lè rí ìbò nílé wa ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogí, bíi Kábbà tàbí Ìsánlú.

Ìlú ńlá ni ẹgbẹ́ náà ti lágbára jù, pàápàá níbi tí yunifásítì wà bíi Freiburg. Lójú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ẹrù tí ará ìlú ńlá dì lé wọn lórí ni òfin àyíká. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìjọba tí ẹgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀ fẹ́ mú ẹ̀dínwó owó orí dísẹ́lì kúrò, àwọn àgbẹ̀ wa katakata wọ Berlin. Ṣùgbọ́n ẹ wo Baden-Württemberg, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì: Kretschmann, ọmọ ẹgbẹ́ Die Grünen, di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 2011, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ipò kìíní nínú ìbò ibẹ̀ ní 2016. Onígbàgbọ́ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ń sọ èdè àdúgbò wọn. Ọmọ ilé ni wọ́n kà á sí.

Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ tiwa wà. Nílé, ọmọ ta ni, ta ló gbẹ́ kànga fún wa, là ń béèrè. Síbẹ̀ àyíká ń dùn wá gan-an: wọ́n ń gé gẹdú ní Búnú, màálù ń jẹ oko ẹ̀gẹ́, iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń jó kaṣú. Ọdún méjì sẹ́yìn ló jó ti bàbá mi tán, ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ ìbò wa, kó bẹ̀rẹ̀ láti oko kaṣú yẹn.