Ọmọ Mi Ń Kàwé Ketekete, Àmọ́ Àkàyé Ń Dà Á Láàmú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 11. Tó bá ń kàwé sókè, kì í kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Àmọ́ tí wọ́n bá fún un ní àyọkà nílé ìwé, tí wọ́n bi í pé báwo ló ṣe rí lára ẹni inú ìtàn náà, kí ló sì fi mọ̀, ìtàn yẹn ló máa tún sọ láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní kó túbọ̀ máa kàwé. A ti ra ìwé títí. Àbí Yorùbá tí à ń bá a sọ nílé ló ń pa á lára ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọmọ o, ìyá wa. Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí pa Yorùbá tì. Ohun tó ń ṣe ọmọ yín ló ṣe ọmọbìnrin tèmi náà, ìwé lèmi náà sì ń rà ṣáá kí n tó rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni oǹkọ̀wé ń sọ. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ààbọ̀ ni kò ní wá èyí tó kù. Mo fi èdè ilé ìwé rẹ̀ kọ nǹkan kékeré kan fún un: ẹnì kan pa ìwé dé, ó wo aago, ó tún un wò, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó ti dé ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í pé, "Kí ló ń ṣe ẹni yìí?" Ó ní, "Ó ṣílẹ̀kùn." Mo ní kó fìka sí ibi tí wọ́n ti ní ó ṣí i. Ó wá a tì. Ó dákẹ́, ó wá gbé ìka lọ sórí wíwo aago ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ó ń retí ẹnì kan." Mo ní, "Ẹni tẹ́rù ń bà ńkọ́, ṣé òun kì í wo aago ni?" Ó ní, "Ẹni tẹ́rù ń bà ò ní yára débi ilẹ̀kùn." Yorùbá la fi sọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń lo ọgbọ́n yìí nílé ìwé báyìí.

Ìmọ̀ nípa ohun tí àyọkà dá lé tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1988, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Recht àti Leslie, fún ọmọ ilé ìwé 64 ní ìtàn ìdíje baseball kà, ìyẹn eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Àwọn tí kò mọ̀wé kà dáadáa àmọ́ tí wọ́n mọ eré náà dunjú rántí ìtàn yẹn ju àwọn tó mọ̀wé kà tí wọn ò mọ eré náà lọ. Nítorí náà, tí àyọkà bá dá lórí òkun, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ òkun.

Àyọkà kúkúrú kan lójúmọ́ tó. Ìbéèrè méjì péré: "Kí lo rò? Níbo lo ti rí i?" Tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín, tó sì rí ẹ̀rí tọ́ka sí, ẹ gbà fún un. Ó lè ṣòro fún àwa òbí, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọmọ ti ń gbójú. Lálẹ́ àná, tèmi bá mi jiyàn lórí ẹ̀dá ìtàn kan tí mo pè ní èèyàn rere. Ó ṣí ojú ìwé méjì sẹ́yìn, ó fìka sí gbólóhùn kan tí mo ti sáré kọjá. Òun ló jàre.